Àǹtí Afínjú Lórí Mọ́tò Irọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ mọ́tò lọ́dọ̀ Àǹtí Afínjú, ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ fọ̀. Àwàdà kọ́ o. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀, àǹtí á ti ṣí búùtù, á gbé kẹ́ẹ̀gì omi àti ọṣẹ jáde, á ní, "Ó yá, ẹ má gbàgbé àárín ìka." Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni o, ìyá ọlọ́mọ ni o, gbogbo wọn ló ń na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ jéléósinmi. Bí ẹnì kan bá kùn, àǹtí á wò ó láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, á ní, "Sítíárìn tí ẹ fẹ́ dì mú yẹn, èmi náà á dì í mú. Ṣé kí n máa fọwọ́ kó ohun tí ẹ jẹ láàárọ̀ ni?"

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀, ti ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ sí i létí ń wá ìjà. Ó ti ń jókòó sí àyè olùkọ́ nínú rẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Aṣọ tó tẹ́ sórí ìjókòó, ó ń fọ̀ ọ́ bí aṣọ ọmọ tuntun. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni bíréèkì kejì wà, èyí tí wọ́n ṣe fún olùkọ́, kó lè dá ọkọ̀ dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ hùwà wèrè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àǹtí kì í kúrò lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ náà kì í sinmi. Kòtò, àfọ́kù ìgò, ajá tó ń rò ó bóyá kí òun sọdá, àǹtí á ti rí gbogbo rẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé ọ̀nà wà níwájú. Ojú tó ń rí àbàwọ́n lára aṣọ ẹni tó wà lódìkejì títì, kí ló fẹ́ pamọ́ fún un? Ọkọ rẹ̀ tó ti ṣaláìsí máa ń sọ pé bí ìyàwó òun bá dé ọ̀run, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni ìgbálẹ̀.

Láti ìgbà tó ti ń kọ́ni, ọkọ̀ rẹ̀ kò kọ lu nǹkan kan rí. Ìyẹn ni ògo rẹ̀. Àfi ọjọ́ òjò yẹn.

Aránṣọ kan ló ń wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń tọrọ ààyè kó tó yí gíà. Wọ́n ń bọ̀ ní kọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Òjò ti po ìyẹ̀fun igi mọ́ epo tó jò sílẹ̀, ojú ọ̀nà wá ń yọ̀ bí ọṣẹ. Aránṣọ tẹ tọ́tù jù díẹ̀. Ìdí ọkọ̀ yọ̀, ó ń gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fà láṣọ. Àǹtí yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ gọ́tà. Omi dúdú. Ohun tútù kan tó ń yọ̀ lórí omi náà bí ikun. Eku kan tó ti kú, tó ti wú, tó kọ ikùn sókè. Ojú àǹtí lẹ̀ mọ́ eku yẹn. Ó já sítíárìn gbà lọ́wọ́ aránṣọ, ó sì fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Táyà di gan-in, kò yí mọ́. Ọkọ̀ pòòyì bí òkòtó, ó fi ìdí wọ gọ́tà, níbi tí eku wà gan-an.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n omi gọ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, aránṣọ sì bì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó bì, ó tọrọ àforíjì, ó tún bì. Àǹtí jókòó, eku ń léfòó lọ ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tó wá kí i. Nígbà tó délé, ó fọ ẹsẹ̀ títí awọ fi ń ta á. Ohun kan ló wà tí kò ṣeé fọ̀: aránṣọ kọ́ ló wọ gọ́tà. Òun ni.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò bú u. Ìbá kúkú bú u. Ó pe gbogbo olùkọ́ jọ, ó ní olùdánwò kan ń bọ̀ láti wá dán gbogbo wọn wò lórí pápá tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Wọn á da omi àti ọṣẹ sórí ilẹ̀ ọlọ́dà ibẹ̀ kí ọkọ̀ lè yọ̀ dáadáa. Olùkọ́ tó bá lè gba ọkọ̀ rẹ̀ padà nígbà tó bá yọ̀, kó máa báṣẹ́ lọ. Èyí tí kò bá lè gbà á padà…

"Àyè wà nínú ọ́fíìsì," ni ọ̀gá wí, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gbé fóònù."

Gbogbo wọn mọ ẹni tó ń bá wí. Kò sì síbi tí àǹtí kórìíra tó ọ́fíìsì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni Eléèékánná ti ń ṣiṣẹ́.

Eléèékánná ni akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́. Kò níkà nínú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n á bọ́ bàtà, á gbé ẹsẹ̀ kan lé dúrọ́ọ̀ tábìlì, á fi èjìká há fóònù mọ́ etí, á máa gé èékánná ẹsẹ̀ bó ti ń dá oníbàárà lóhùn. Tá! Ọ̀kan fò lọ sójú fèrèsé. Tá! Ọ̀kan bọ́ sínú ife tí wọ́n ń kó bírò sí. Níjọ́ kan, ọ̀kan bọ́ sínú tíì àǹtí. Ì bá tiẹ̀ rì! Kò rì. Ó léfòó, ó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ó ń wo àǹtí. Láti ọjọ́ náà ni àǹtí kò ti mu tíì níbẹ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà ló sì ti ń bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá ní kóun jókòó tì í títí tóun á fi fẹ̀yìn tì? Kóun máa gbé fóònù tí òógùn ti mu, tó gbóná fún ooru etí rẹ̀? Ẹ kúkú gbé mi padà sínú gọ́tà, ló ń sọ nínú ọkàn rẹ̀.

Ó bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kóun fi ọkọ̀ dánra wò lórí pápá náà ṣáájú. Ọ̀gá ní ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú gọ́tà jáde, ṣé kí wọ́n wá lọ sin ín ni?

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wá bá a dá sí i. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìjàngbọ̀n, láti kékeré, nígbà tó fi aáyán oníròbà sínú báàgì rẹ̀. Ọmọ náà ti dàgbà, ìjàngbọ̀n rẹ̀ náà sì ti dàgbà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lókè ilé atúnbàtàṣe, níbi táwọn ènìyàn ti ń wá sáré mọ́tò lórí kọ̀ǹpútà. Ìjókòó bíi ti mọ́tò wà níbẹ̀, sítíárìn wà, bíréèkì àti tọ́tù wà nílẹ̀, ọ̀nà sì ń sáré bọ̀ nínú gíláàsì ńlá kan níwájú.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo lè rọ òjò fún yín láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ wọ gọ́tà títí á fi sú yín, ẹsẹ̀ yín ò ní tutù."

"Eré ọmọdé."

"Awakọ̀ áńbúláǹsì kan ń wá fi í dánra wò ní gbogbo ìgbà tójò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọmọdé lòun náà?"

"Mọ́tò irọ́ ni, Ìjàngbọ̀n."

"Irọ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ẹsẹ̀ yín kì í ṣe irọ́, ẹsẹ̀ yín lẹ̀ ń sá fún."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ àǹtí lára. Ó lọ.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ìjàngbọ̀n ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí oòrùn má bàa kọ lu àwòrán, afẹ́fẹ́ tó sì wọ yàrá náà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i ni kò tíì rọ́nà jáde. Ó ń rùn bí inú bàtà ẹni tó sáré dé. Ẹlẹ́rìndòdò ti dà sílẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sẹ́ni tó nù ún. Bí àǹtí ṣe gbẹ́sẹ̀, ilẹ̀ fà á ní bàtà, ó ní "ṣẹ́ẹ̀", bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò tètè lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ènìyàn ń mí níbí?"

"Wọ́n ń mí, wọ́n tún ń padà wá mí sí i. Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Kí n bọ́ kí ni?"

"Bàtà. Òfin ilé nìyẹn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tí bíréèkì ń sọ. Bàtà ò gbédè."

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bíréèkì. Irin ni, àtẹ́lẹsẹ̀ aláìlóǹkà ti rá a lára títí ó fi ń dán. Ihò kéékèèké wà lójú irin náà, nínú ihò kọ̀ọ̀kan sì ni nǹkan dúdú kan wà tó ti ká kóróbójó, ìdọ̀tí ẹsẹ̀ tí òógùn pò. Ó gbójú sókè wo sítíárìn. Awọ tí wọ́n fi dì í ti ń dán bí iwájú orí ẹni tó pá, ẹ̀rún bisikíìtì sì kún ojú ìránsí rẹ̀. Irun kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó ká jọ.

"Irun ta nìyí?"

"Àǹtí, ẹ má bèèrè."

"Irun ibo ni?"

"Mo ní kí ẹ má bèèrè."

Àǹtí ṣí báàgì. Ó yọ ìbọ̀wọ́ oníròbà tó fi ń fọ àwo, ó wọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó yọ ọ̀rá méjì, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ wọ́n, ó fi rọ́bà so wọ́n mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ìjàngbọ̀n di ògiri mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á.

"Ẹ jọ ẹni tó fẹ́ wẹ òkú!"

"Gbogbo inú ibí yìí, òkú ni."

Ó jókòó sí etí ìjókòó kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa kan ibi tí ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíì ti làágùn sí. Ìjàngbọ̀n yan ọ̀nà tó ní kọ́nà àti gọ́tà, ó rọ òjò sí i. Mọ́tò gbéra. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín bí àǹtí ṣe rò, nítorí sítíárìn ń bá a jà lọ́wọ́, ìjókòó sì ń gbọ̀n nígbà tí táyà bá gun ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò tíì lọ jìnnà tó fi yíjú sí ẹ̀gbẹ́ tó pariwo, "Ẹ rọra! Ẹ wo iwájú yín!"

"Àǹtí, ta lẹ̀ ń bá wí?"

Kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògiri ló ń kọ́ ní mọ́tò.

Nígbà tí kọ́nà dé, ìdí mọ́tò yọ̀, ẹsẹ̀ àǹtí sì bẹ́ gìjà lu bíréèkì. Mọ́tò pòòyì, gọ́tà gbà á. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, gọ́tà tún gbà á. Kò pẹ́ tó fi mọ gọ́tà yẹn bí ilé bàbá rẹ̀.

"Ẹ gbọ́," ni Ìjàngbọ̀n wí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Bí ìdí mọ́tò bá fẹ́ lọ, sítíárìn máa fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Kó tó lọ rárá, á ti fúyẹ́. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ yí sítíárìn síbi tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ sì wo ibẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbọ́ ọ nínú rọ́bà yẹn."

Bí wọ́n ṣe bọ́ ìbọ̀wọ́ nìyẹn, lọ́jọ́ mìíràn, lẹ́yìn ìjà. Àǹtí di sítíárìn mú, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ díẹ̀, itọ́ kún un lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọmọ yẹn sọ. Bí kọ́nà ṣe dé, sítíárìn fúyẹ́, bí ìgbà tí ẹni tí ẹ jọ gbé ẹrù bá yọwọ́ láìsọ. Ọ̀rá náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ irin yẹn, ó tutù, ó rọ̀ níbi tí kò yẹ kó rọ̀. "Ṣíọ̀!" Gbogbo ara rẹ̀ bù máṣọ. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò mọ iṣẹ́ méjì ju kó tẹ bíréèkì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra kúrò. Bó bá délé, omi gbígbóná, ọṣẹ, kànìnkànìn, ó di dandan.

Síbẹ̀, gọ́tà ló ń lọ. Ẹsẹ̀ ti gbọ́, ọwọ́ ti gbọ́, mọ́tò kò pòòyì mọ́, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ báyìí ló ń wọ gọ́tà, bí ẹni tí wọ́n pè.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń wò ní kọ́nà?"

"Gọ́tà yẹn. Wo bó ṣe dọ̀tí."

"Àwòrán ni!"

"Àwòrán ìdọ̀tí, ìdọ̀tí ni."

Ìjàngbọ̀n wò ó títí. Ojú rẹ̀ wá ń tàn bí ìgbà tó ní aáyán lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ ọmọ náà ni ì bá ti sá.

Nígbà tí àǹtí padà wá, ṣingọ́ọ̀mù kan ti wà lórí gíláàsì, lókè lápá ọ̀tún, níbi tí ẹnu ọ̀nà máa ń hàn sí bí mọ́tò bá wà láàárín kọ́nà. Wọ́n ti jẹ ẹ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi di ti ẹran tó ṣá. Ojú eyín wà lára rẹ̀ kedere.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Oníbàárà kan ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án o, á ha gíláàsì. Mo ti ń wá oògùn tí mo máa fi yọ ọ́."

"Wọn ò kọ́ oníbàárà ẹ nílé?"

"Ẹ ṣáà máa wà á, Àǹtí."

Àǹtí ń wà á, ó ń bú oníbàárà náà. Ó bú eyín rẹ̀, ó bú ìyá tó bí eyín. Kọ́nà dé, sítíárìn fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára nǹkan ìríra yẹn. Ọwọ́ tẹ̀lé ojú, mọ́tò tẹ̀lé ọwọ́. Ó ti kọjá kọ́nà pátápátá kó tó rántí pé gọ́tà wà níbẹ̀.

Ó tún un wà. Ó tún kọjá. Láti ìgbà náà, kò wọ gọ́tà mọ́ bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ bí ọjọ́ ìkún omi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ra bisikíìtì fún Ìjàngbọ̀n, lórí àdéhùn pé ìta ni yóò ti jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí olùdánwò dé ni àǹtí tètè dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó sì bá Ìjàngbọ̀n tó dúró níwájú gíláàsì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ọmọ náà yọ ṣingọ́ọ̀mù lẹ́nu, ó fi àtàǹpàkò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tí ti àná ti bọ́. Itọ́ ṣì ń dán lára rẹ̀.

"Itọ́ ẹ ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí?"

Ìjàngbọ̀n fò. "Àǹtí! Ẹ tètè dé."

"Itọ́ ẹ!"

"Ẹ jókòó kí n ṣàlàyé."

"Mo jókòó síbí, mò ń wo inú ẹnu ọmọ àbúrò mi lórí gíláàsì!"

"Ẹ tún wọ gọ́tà láti ìgbà náà bí?" Ìjàngbọ̀n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń fi àga ṣe ààbò. "Ojú yín ni, Àǹtí. Mo ní kí ẹ wo ẹnu ọ̀nà, ẹ ò wò ó, torí ẹnu ọ̀nà ò dọ̀tí. Bí mo bá lẹ òdòdó mọ́bẹ̀, ṣé ẹ máa wò ó? Ẹ sọ òótọ́."

Àǹtí kọ ẹ̀yìn sí ṣingọ́ọ̀mù náà. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Nílé, ó jókòó sínú pálọ̀ rẹ̀, inú ń bí i. Pálọ̀ náà mọ́ tónítóní, òórùn ọṣẹ wà lára kọ́tìnnì, àwòrán ọkọ rẹ̀ wà lára ògiri. Kí sì ni ojú rẹ̀ bá lọ? Àbàwọ́n kan báyìí, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, nísàlẹ̀ kọ́tìnnì. Ó fipá yí ojú padà sí àwòrán. Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ tán. Gbogbo ọjọ́ ayé ló ń nu gíláàsì àwòrán yẹn, kò mọ ìgbà tó ti wo ẹ̀rín náà gbẹ̀yìn. Ìríra kan mú un, ti ara rẹ̀ ló sì jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ọṣẹ fún ìyẹn. Kó tó lọ sùn, ó nu àbàwọ́n náà kúrò. Ẹ má dá a lẹ́bi, yíyípadà ènìyàn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá ti kó gbogbo omi tó rí lọ́wọ́ dà sórí ọ̀dà, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀. Kọ́nà náà yí ẹ̀gbẹ́ pápá ká, táyà àlòkù sì wà ní ìta kọ́nà, tí wọ́n tò kalẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa kọ lu ògiri. Olùdánwò jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa wà á, bó bá ti yege nínú ọ̀kan, ó tó. Kí ọkọ̀ gba àárín kóònù méjì jáde, kó dúró. Eléèékánná ló fún ní àsíá, kó dúró sí ìkọjá kóònù, kó máa jù ú fún ẹni tó bá ṣe dáadáa.

Àwọn yòókù wà á, àwọn kan yege. Ó kan àǹtí. Olùdánwò jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì kejì, níbi tí ẹsẹ̀ àǹtí máa ń wà. Ó ṣe àǹtí bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ẹni fọ eyín.

Ọkọ̀ wọ inú ọṣẹ. Inú àǹtí já kúrò ní àyè rẹ̀, ohun tí mọ́tò irọ́ kò ṣe fún un rí. Ṣùgbọ́n sítíárìn fúyẹ́ bí ó ṣe máa ń fúyẹ́ lókè ilé atúnbàtàṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbéra kúrò láìbi í léèrè. Ó dára. Ó dára títí ojú rẹ̀ fi bá omi àgbàrá tó dúró sínú ọ̀kan nínú àwọn táyà náà. Omi tó ti bà jẹ́, ìdin ẹ̀fọn ń jó nínú rẹ̀. Gbì! Ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ gbá táyà yẹn gan-an, omi rẹ̀ sì ta sí gíláàsì.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan, mà," ni olùdánwò wí pẹ̀lẹ́.

Àǹtí yí ọkọ̀ padà. Ọ̀gá ń wo bàtà ara rẹ̀. Wo ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ fún ara rẹ̀, wo ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó. Koríko ibẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kóònù mọ́, ilẹ̀ mọ́. Ó mọ́ débi pé ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan dì mú, ńṣe ló ń yọ̀ kúrò níbẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń yọ̀ lórí ọṣẹ. Táyà ń pè é. Ọ́fíìsì ń pè é.

Ọkọ̀ wọ kọ́nà. Ìdí rẹ̀ gbá. Ní àkókò yẹn gan-an ni Eléèékánná, tó dúró ní ìkọjá kóònù, tó rò pé ọkọ̀ ni gbogbo ayé ń wò, ki ìka bọmú. Kì í ṣe etí imú o. Ó kì í bọ̀ ọ́ títí oríkèé ìka fi wọlé, ó yí i, ó yọ nǹkan kan jáde, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó bí alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó yí i kóróbótó láàárín ìka. Ó wá fi àsíá nù ún.

"ṢÍỌ̀!"

Gbogbo ojú àǹtí, gbogbo ẹ̀mí rẹ̀, gbogbo ìríra tó ti ń kó jọ látìgbà tí èékánná ti bọ́ sínú tíì rẹ̀, ó dà lé ọkùnrin yẹn lórí. Ọwọ́ tẹ̀lé ojú. Ọkọ̀ tẹ̀lé ọwọ́. Ó gba àárín kóònù méjèèjì jáde láì kan ọ̀kankan, ó rọra dúró níwájú akọ̀wé, tí ìka rẹ̀ ṣì wà lára àsíá.

Olùdánwò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kejì.

"Ẹ ti yege, mà," ni olùdánwò wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń pariwo mọ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Mò ń wo ibi tí mò ń lọ ni."

Eléèékánná ti sáré dé. Ó ju àsíá sí èjìká, ojú rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. "Àǹtí, ẹ kú oríire! Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe gbàdúrà tó. Mo ní bí ẹ bá fi lè wá jókòó tì mí nínú ọ́fíìsì yẹn, mo gbé. Ẹ ò ní jẹ́ kí n sinmi!" Ó na ọwọ́ ọ̀tún gba ojú fèrèsé wọlé láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún. Àǹtí wo ọwọ́ náà, ó wo ìka náà. Ó mọ èyí tó jẹ́ nínú márààrún. Ó gbójú sókè, ó sì fipá wo ojú ọkùnrin náà, ẹ̀rín rẹ̀ gbòòrò láti etí dé etí, kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó tutù. Ó rọ̀ níbi tí kò yẹ kó rọ̀.

Bí wọ́n ṣe túká tán, ó sáré lọ ṣí búùtù. Kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣófo gbáú. Ọ̀gá ti da omi rẹ̀ náà sórí pápá, ọṣẹ rẹ̀ kò sì ṣẹ́ ku.

Ṣọ́ọ̀bù Ìjàngbọ̀n ló súnmọ́ jù níbi tí omi wà. Àwọn tó rí ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà lójú títì lọ́jọ́ yẹn kò gba ojú wọn gbọ́, nítorí ohun tí àǹtí máa ń torí ẹ̀ gbá akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ló ń ṣe yẹn. Ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń wa ọkọ̀. Ọ̀tún, ó nà án kọjá àyà gba ojú fèrèsé jáde, gbọọrọ kúrò lára, ó ya ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú atẹ́gùn bí ohun tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíì tó fẹ́ tètè dá padà. Ojú ọ̀run ti ṣú. Bó ti ń sún mọ́ kọ́nà ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó ń rò ó bí yóò ṣe fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn Ìjàngbọ̀n, àti ohun tí ọmọ náà máa sọ bó bá gbọ́ ibi tí ọwọ́ yẹn ti ń bọ̀.